Ẹ wá mẹkáníìkì kí ẹ tó wá ọkọ̀: bí a ṣe ń ra Lexus tàbí Benz àlòkù ní Òṣogbo

Bí ẹ bá dúró sí Ọláìyá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé Lexus àti Benz ti pọ̀ ní Òṣogbo. Àwọn tó lè tún wọn ṣe dáadáa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí èèyàn sanwó ọkọ̀, ìdùnnú ni. Ìgbà tí iná kan bá tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí mẹkáníìkì kan ní sẹ́nsọ̀ ni, tí èkejì ní brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ni, tí ẹ̀kẹta sì tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí kò mọ bó ṣe máa tò ó padà, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ń di ẹkún.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra ọkọ̀ tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó lè tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ẹni yẹn bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀

Àwọn ibi ìtọ́jú tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ olówó ńlá fọwọ́ sí, Èkó àti Àbújá ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ẹni tó ń gbé Òṣogbo kò lè máa sáré lọ sí Èkó nítorí ọ́ìlì àti fílítà. Mẹkáníìkì tó wà nítòsí ni ẹ máa gbára lé lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ yàn án.

Àwọn tó ń lo irú ọkọ̀ tó wù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín tó ti ń wa irú Lexus RX 350 tó wù yín láti ọdún mélòó kan, ẹ kí i, kí ẹ bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń bá yín tọ́jú ọkọ̀ yìí?" Bí orúkọ kan náà bá jáde lẹ́nu ẹni mẹ́ta tí wọn ò mọra wọn, ẹ lọ wo ibẹ̀.

Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ wo àwọn ọkọ̀ tó wà nílẹ̀. Ọ̀kan tàbí méjì tí eruku bò lè jẹ́ ti oníbàárà tí owó kò tíì yọ. Bí wọ́n bá ti pọ̀, tí koríko ń hù lábẹ́ wọn, iṣẹ́ tí kò yanjú ni ẹ ń wò yẹn. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú, ṣé orí tábìlì ló wà, tí wọ́n fi nǹkan bò ó, àbí orí yanrìn? Yanrìn díẹ̀ tó bá bọ́ sínú ihò tí ọ́ìlì ń gbà lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ráúráú. Ẹ wò ó bóyá ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ ńlá, tàbí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ń dá a ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó fi ẹ̀rọ scan rẹ̀, èyí tó fi ń ka àìsàn ọkọ̀, hàn yín. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kóòdù ẹ́ńjìnnì nìkan kò tó fún Benz tàbí BMW, torí pé jíà, bíréèkì, éàbáàgì àti ṣọ́ọ̀kì, oníkálukú ló ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ẹni tó ń tún Benz ṣe lóòótọ́ á mọ Xentry, ètò scan ti Benz fúnra rẹ̀. Ti BMW ni ISTA. Ti Toyota àti Lexus ni Techstream. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó dára, kò sì pọn dandan kó jẹ́ àwọn wọ̀nyí ló ní. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó lè wọnú gbogbo kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, kó sì lè fi Yorùbá tó yé yín ṣàlàyé ohun tó rí.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ bi í pé: "Ọ̀gá, bí P0420 bá jáde, kí lẹ máa ṣe?" Kóòdù yẹn ń sọ pé catalytic converter (ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́) kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tó mọṣẹ́ á ní òun máa kọ́kọ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jò níbi páìpù èéfín, òun á wo sẹ́nsọ̀ oxygen, òun á wò bóyá púlọ́ọ̀gì kan kò jó dáadáa. Ẹni tó bá dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ká gé e dànù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Àwọn tó ń ra catalytic àtijọ́ pọ̀ níta, owó gidi ni wọ́n sì ń san lé e, torí náà ẹ̀yà ọkọ̀ yìí máa ń pòórá ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ọlọ́kọ̀ mọ̀.

Ẹ jọ sọ ọ́ kó yé ara yín pé gbogbo páàtì tó bá yọ, ẹ fẹ́ rí i. Kó jẹ́ ọmọ NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, dára, torí pé bí èdè-àìyedè bá dé, ẹ ní àgbà tí ẹ lè fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n káàdì ẹgbẹ́ kò sọ pé ó mọ Benz o. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ mìíràn lọ́wọ́ báyìí, ẹ gbé iṣẹ́ kékeré kan fún un, bíi bíréèkì tàbí sáfíìsì, kí ẹ wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ owó àti bó ṣe ń pa àdéhùn mọ́.

Rewáyà tó ń bá a ṣiṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ olówó ńlá púpọ̀ ló jẹ́ pé wáyà ni wọ́n fi pa á. Rewáyà tó ń fi gílóòbù dán wáyà wò lórí ọkọ̀ tó kún fún kọ̀ǹpútà lè jó nǹkan tí owó rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Mítà ni kó máa lò, kó sì ní àwòrán bí wáyà ọkọ̀ náà ṣe lọ kó tó gé ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kejì: owó

Ẹ pín owó yín sí ọ̀nà márùn-ún. Mẹ́rin ni ti ọkọ̀. Ìkarùn-ún ni ti ohun tí ọkọ̀ náà máa béèrè láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́: ọ́ìlì, táyà, bíréèkì, ìwé ọkọ̀, àti àìsàn tí kò hàn lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Bí ọkọ̀ bá ti gba gbogbo owó yín, ó ju agbára yín lọ lọ́dún yìí. Toyota Highlander tó ń rìn sàn ju Benz ML tó dúró sí ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí ìmọ̀ mẹkáníìkì yín yan ọkọ̀

Ní Òṣogbo, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, Lexus ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì 2GR-FE tó wà nínú RX 350 àti ES 350 náà ló wà nínú Highlander, Sienna àti Camry oní-V6. Mẹkáníìkì Toyota tó já fáfá kò ní ṣì í, páàtì rẹ̀ sì wà ní Géètì ní Ìbàdàn àti ní Ládípọ̀ ní Èkó. Síbẹ̀, nǹkan méjì wà láti kíyè sí. RX 330 ti 2004 sí 2006 ní timing belt (bẹ́líìtì tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì máa yí ní ìbámu) tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ní nǹkan bí 90,000 máìlì. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní rìsíìtì, ẹ kà á sí pé wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ rí. Nínú àwọn RX 350 ti 2007 sí 2009, páìpù ọ́ìlì VVT-i kan wà tó ní rọ́bà láàárín. Bí rọ́bà yẹn bá bẹ́ lójú títì, ọ́ìlì á dà tán kí ẹ tó rí ibi páàkì sí. Toyota ti gbé páìpù onírin rọ́pò rẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín wò ó bóyá onírin ló wà níbẹ̀.

Benz dùn ún wà, kò sì sí irọ́ ńbẹ̀. Ẹ kàn mọ ohun tí ẹ ń rà. Ẹ́ńjìnnì M271 tó wà nínú ọ̀pọ̀ C180 àti C200 Kompressor, ṣéènì inú rẹ̀ (tó ń ṣe iṣẹ́ timing belt) máa ń fà bó bá ti dàgbà, ìró rẹ̀ sì máa ń jáde bíi kí irin máa gbọ̀n nínú agolo fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣíná láàárọ̀. E350 àti ML350 ti 2005 àti 2006 ní ẹ́ńjìnnì M272 tí eyín kékeré kan lórí balance shaft rẹ̀ (ọ̀pá tó ń dín gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kù) máa ń jẹ. Àfi kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí wọ́n tó lè tún un ṣe. Jíà 7G náà ní pátákó iná kan nínú tó bá ti bàjẹ́, ọkọ̀ á há sí jíà kan, kò ní fẹ́ sáré mọ́. E-Class W211 tó ṣáájú àtúnṣe 2006 ní bíréèkì SBC, oníná, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ní iye ìgbà tí èèyàn lè tẹ bíréèkì kó tó béèrè ìpààrọ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀ nítòsí, ẹ fi sílẹ̀.

BMW 328i ti 2012 sí 2015, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì N20, ní ike tó ń darí ṣéènì tó máa ń fọ́. Ọkọ̀ yòówù tó bá ní ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́, ẹ ní kí wọ́n páàkì rẹ̀ mọ́jú. Bí igun kan bá ti wọlẹ̀ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ń jò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nọ́ńbà ṣáàsì àti ìwé

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ iye owó, ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà ṣáàsì ránṣẹ́ sí yín. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, kò sì ní I, O tàbí Q nínú. Bí J bá ṣáájú, Japan ni wọ́n ti ṣe é, W, Jámánì, 2, Kánádà, 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ RX 350 tí wọ́n lò ní Amẹ́ríkà, Kánádà ni wọ́n ti ṣe wọ́n, torí náà 2T2 tí ẹ bá rí níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àléébù. Ìkẹwàá nínú 17 yẹn ló ń sọ ọdún fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, títí dé F tó jẹ́ 2015. Bí oníṣòwò bá ní 2012 ni, tí ẹ rí A níbẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá ṣòwò.

Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ àti lórí ìwé gbọ́dọ̀ bára mu. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ san owó Carfax tàbí AutoCheck, àwọn ojú òpó tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ ka ìtàn rẹ̀. Owó kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó máa gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì ìnṣọ́ránsì ní Amẹ́ríkà, náà ní ojú òpó ọ̀fẹ́ kan tó ń sọ bóyá wọ́n ti kéde ọkọ̀ kan pé wọ́n jí i. Ohun tí ẹ ń wá jù nínú ìtàn náà ni omi. Ìjì Harvey ní Houston lọ́dún 2017 àti Ian ní Florida lọ́dún 2022 rì ọkọ̀ púpọ̀ sómi, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń rí ọ̀nà wọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìpìlẹ̀ kí ẹ wò bóyá ilà ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó àti ihò tí táyà àfipamọ́ wà. Bí lọ́fínńdà bá ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ẹ béèrè ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní Èkó náà nílò àyẹ̀wò yìí. Omi ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù: SGD (ìwé ìkéde ẹrù) tó ní C-number (nọ́ńbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀), rìsíìtì báǹkì, àti ìwé tí wọ́n fi gbé e jáde ní èbúté. Láti January 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ka gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé léèwọ̀. Èyí tó bá gba ibẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì, ẹ̀yin tí ẹ rà á ni ìpàdánù wà lọ́rùn yín. Ẹ wá aṣojú kọ́sítọ́ọ̀mù tí ẹ gbọ́kàn lé kó bá yín yẹ ìwé náà wò lọ́dọ̀ àwọn tó gbé e jáde. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò níbí, ẹ wo proof of ownership (ìwé tó fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn), kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ wò lójú òpó NVIS, ibi àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ti FRSC.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ àyẹ̀wò

Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fúnra yín, bóyá ẹ ra ọkọ̀ náà tàbí ẹ kò rà á. Bí ẹ kò bá san án, ẹni tó ń tà á lè san án fún un, ẹnu rẹ̀ á sì yí padà.

Ẹ ti sọ fún ẹni tó ń tà á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kó má ṣíná ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ẹ ní ẹ ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí pé ẹ́ńjìnnì tútù ni àìsàn rẹ̀ ń hàn. Bí wọ́n bá ṣíná, ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ ìró àkọ́kọ́. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń jó. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbóná ń sọ pé omi ń wọnú ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ìdérí ọ́ìlì: bí nǹkan aláwọ̀ mílíìkì bá wà lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí top gasket ti lọ.

Ẹ wo iná éàbáàgì. Ó gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú lẹ́yìn náà. Èyí tí kò tàn rárá burú ju èyí tó tàn tí kò kú lọ, torí pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti mọ̀ọ́mọ̀ pa á.

Ní ti scan, àìrí kóòdù nìkan kò tó. Ẹ ní kó wo ibi tí wọ́n ń pè ní readiness, níbi tí ọkọ̀ ti ń sọ bóyá ó ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Bí púpọ̀ níbẹ̀ bá ń sọ pé wọn kò tíì ṣe tán, wọ́n lè ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwọn kóòdù rẹ́, tàbí kí wọ́n yọ bátìrì, ní ìdájí ọjọ́ yẹn. Kóòdù P0016 tó bá jáde lè máa tọ́ka sí ìṣòro ètò ṣéènì. Ẹ fi máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù wé èyí tó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú Benz, kí ẹ sì wo rọ́bà pédà bíréèkì. Pédà tó ti dán gan-an, ó ṣòro kó jẹ́ ti 60,000 máìlì.

Ẹ wá gbé e jáde. Ẹ ti Ògo-Olúwa gba ọ̀nà Gbọ̀ngán, kí ẹ kọjá Abẹ́rẹ́ títí dé Ẹdẹ. Ọ̀nà náà gùn tó láti mọ bí jíà ṣe ń wọlé: kò gbọ́dọ̀ ta yín nípàá, kò sì gbọ́dọ̀ yọ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti tọ́, tí kò sí ọkọ̀ nítòsí, ẹ dẹ ọwọ́ lórí ìdarí díẹ̀ kí ẹ wò bóyá ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ wọ Ọjà-Ọba nígbà tí ọkọ̀ bá kún, kí ẹ tan AC, kí ẹ máa wo ibi tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ọkọ̀ tó tutù lọ́nà Ẹdẹ lè gbóná rọ̀rọ̀ nínú gó-síló. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún un scan lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí ẹni tó ń tà á bá bínú sí àyẹ̀wò yìí, ẹ má bá a jà. "Ọ̀gá, ẹ ṣeun, ẹ má bínú, a ó máa wò yíká." Ó tán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìsanwó

Àkáǹtì tó ní orúkọ kan náà pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ san án sí. Kí lọ́yà kọ àdéhùn, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ méjèèjì; ti Benz kò ṣeé gé lójú títì. Ẹ ṣe ìyípadà orúkọ ní Osun Internal Revenue Service láìfi falẹ̀. Ìnṣọ́ránsì third party ti ọkọ̀ àdáni jẹ́ 15,000 náírà láti January 2023. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú òpó NIID, àkọsílẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, kó má jẹ́ ayédèrú. Fún ọkọ̀ tí owó rẹ̀ tó báyìí, èmi á ní kí ẹ wo comprehensive, èyí tó ń san fún ọkọ̀ tiyín náà.

Ìgbésẹ̀ keje: ibi tí ẹ ó ti máa tún un ṣe

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo ohun olómi inú rẹ̀: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì jíà, coolant, ọ́ìlì bíréèkì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike kí ẹ tó rà á. Ọ̀pọ̀ Benz oní-pẹtiróòlù ti àwọn ọdún tí mo dárúkọ yẹn ń fẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n kọ MB 229.5 sí lára, jíà 7G wọn ń fẹ́ 236.14, jíà RX 350 ti 2010 síwájú ń fẹ́ Toyota WS. ATF (ọ́ìlì jíà) pupa lásán tí wọ́n ń dà sínú gbogbo ọkọ̀ lè ba jíà jẹ́. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ pé ọ́ìlì jíà kì í tán láéláé. Ní ojú ọ̀nà wa, pẹ̀lú gó-síló àti eruku ọyẹ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní gbogbo 5,000 kìlómítà ni mo gbà yín nímọ̀ràn, àti fílítà afẹ́fẹ́ bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí náà kí ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ síbì kan. Táyà, gílóòbù àti fífọ ọkọ̀, ẹni tó wà ládùúgbò tó. Sáfíìsì, bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì àti scan, mẹkáníìkì tí ẹ yàn ní ìgbésẹ̀ kìíní ni. Inú jíà, ṣéènì, kọ̀ǹpútà tó ń fẹ́ kíkọ tuntun, éàbáàgì: ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Mẹkáníìkì tó bá lè sọ pé "Alàgbà, èyí ju agbára mi lọ, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ Ìbàdàn" ni kí ẹ dì mú.

Ní ti páàtì, fi nọ́ńbà ṣáàsì rà á ni kí ẹ máa sọ fún ẹni tí ẹ bá rán. Belgium (páàtì àlòkù láti òkè òkun) dára fún iná iwájú, ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìjókòó. Páàdì bíréèkì, water pump, sẹ́nsọ̀, bẹ́líìtì àti ṣéènì, tuntun ni kí ẹ rà, ní ṣọ́ọ̀bù tó ń já rìsíìtì, kí ẹ sì bá wọn ṣàdéhùn pé ẹ lè dá a padà bí kò bá bá ọkọ̀ mu.

Bó bá di dandan kí ọkọ̀ lọ Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ tẹ èsì scan tí wọ́n ṣe ní Òṣogbo sórí bébà, kí ẹ ya àwòrán máìlì, iye epo àti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fi sílẹ̀. Ẹ gba iye owó iṣẹ́ ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n má tú ohunkóhun mìíràn láìpè yín. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbóná kọjá ààlà tàbí tí iná ọ́ìlì pupa bá ti tàn, ẹ má wà á dé Gbọ̀ngán kí ẹ tó pe ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀. Ibi tó ti tàn yẹn gan-an ni kí ẹ pa iná sí.